Òrìṣà Kò Dá Ọmọ Padà Sídìí Amọ̀: Ẹ Gbé Abẹ Kúrò Lára Ọmọ Tí Kò Tíì Lè Sọ̀rọ̀

  Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe èyí tí a máa ń fẹ́ sọ ní gbangba, nítorí abẹ́ aṣọ ni ó wà, ohun tí ó bá sì wà lábẹ́ aṣọ, ìtìjú ni a fi ń bò ó. Ṣùgbọ́n ìtìjú yìí ti ń pa ọmọ. Mo ń sọ nípa ọmọ tí agbẹ̀bí gbé sókè tí kò lè sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, ọmọ tí àwọn aládùúgbò ń pè ní ṣakọṣabo bí ẹni ń ṣépè. Mo ń sọ nípa ẹni tí ó yẹ kí ó pinnu ohun tí a óò ṣe sí ara rẹ̀, àti ìgbà tí ó yẹ kí a pinnu rẹ̀. Ewu tí ó lè pa irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni; nítorí náà, kí a sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n abẹ tí a fẹ́ fi gé e kí ó lè jọ ọkùnrin tàbí obìnrin lè dúró, ó sì gbọ́dọ̀ dúró títí ọmọ náà yóò fi lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ tirẹ̀. Ìdàkejì ni à ń ṣe báyìí. Ibi tí ó yẹ kí a ti sáré ni a ti ń fà, ibi tí ó yẹ kí a ti dúró ni a ti ń sáré.

Ẹ jẹ́ kí a mú Ṣàngótẹ̀dó ní àpẹẹrẹ. Orúkọ òrìṣà wa ṣì wà lára àdúgbò náà títí di òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé géètì ẹ́sítéètì, ilé ìtajà ńlá àti pátákó ṣọ́ọ̀ṣì ni ó gba ojú títì kan. Ẹ fojú inú wo obìnrin kan tí ó bímọ níbẹ̀ lóru, ní ilé agbẹ̀bí, nítorí pé owó ilé ìwòsàn aládàáni kò sí lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Agbẹ̀bí yẹ ọmọ wò, ó dákẹ́. Ohun tí ó rí tóbi ju idọ́ lọ, ó sì kéré sí nǹkan ọmọkùnrin. Kóró kankan kò sí níbi tí ó yẹ kí kóró wà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìyá ọkọ ti gbọ́. Láti àárọ̀ ọjọ́ náà lọ, ọ̀nà mẹ́ta ni yóò là níwájú ìyá ọmọ. Wòlíì yóò sọ pé ẹ̀mí àìmọ́ ni, kí wọ́n gbé ọmọ wá fún àdúrà ọlọ́jọ́ méje. Àwọn kan nínú tiwa, ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa jẹ, yóò sọ pé ọwọ́ ayé ni, wọn yóò sì ka iye ẹran tí a óò fi rúbọ. Bí owó bá wá wà, oníṣẹ́ abẹ kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò le, òun yóò gé e, òun yóò tún un ṣe, ọmọ yóò ti di obìnrin pátápátá kí ó tó mọ nǹkan kan. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí ẹni tí ó béèrè bóyá ọmọ náà ń mu ọmú, bóyá ó ń bì, bóyá ara rẹ̀ ń gbẹ.

Ìbéèrè yẹn sì ni ó yẹ kí ó ṣáájú. Ohun kékeré kan wà tí ó jókòó lórí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa pèsè họ́mọ̀nù tí kì í jẹ́ kí iyọ̀ ara ṣòfò, àti èyí tí ara fi ń kojú àìsàn àti ìnira. Nínú àwọn ọmọ kan, èròjà tí ó yẹ kí ó fi ṣe iṣẹ́ náà kò pé. Dípò rẹ̀, họ́mọ̀nù irú ti ọkùnrin ni yóò máa tú jáde ní àpọ̀jù, láti inú oyún. Ọmọbìnrin tí ó ní ilé ọmọ àti ibi ẹyin nínú, tí ohunkóhun kò ṣe wọn, yóò wá jáde pẹ̀lú ìta ara tí ó jọ ti ọkùnrin. Congenital adrenal hyperplasia ni àwọn dókítà ń pè é, CAH ní kúkúrú, bí ọmọ kan nínú 15,000 ni ó sì ń ní in káàkiri ayé. Nínú àwọn tí tiwọn le, bí mẹ́ta nínú mẹ́rin ni iyọ̀ ara wọn ń ṣòfò. Láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní sí ìkẹta, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bì, yóò máa rù, yóò rọ jọwọrọ, yóò sì kú bí a kò bá tètè fún un ní oògùn. Ẹ ka ọjọ́ náà dáadáa. Àkókò tí à ń wá obì, orógbó àti oyin fún ìsọmọlórúkọ gan-an ni.

Oògùn rẹ̀ wà. Hydrocortisone ni àti fludrocortisone, pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀ fún ọmọ tuntun, lójoojúmọ́, fún gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ọmọbìnrin tí ó bá ń lò ó déédéé lè dàgbà, kí ó ṣe nǹkan oṣù, kí ó sì bímọ. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, wọ́n a máa gún ọmọ tuntun ní gìgísẹ̀ láti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún àìsàn yìí kí ó tó fojú hàn. Nàìjíríà kò ní irú ètò bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ọmọ tí à ń bí. Nítorí náà, ara ọmọ tí ó yàtọ̀ yẹn ni ìkìlọ̀ kan ṣoṣo tí a ní. Àwọn baba wa mọ ohun tí ń jẹ́ àrokò: ẹni tí a fi àrokò ránṣẹ́ sí kì í bá owó ẹyọ jà, ohun tí owó ẹyọ wí ni ó ń gbọ́. Ara ọmọ náà ni àrokò. Àwa ń bá àrokò jà.

Èyí tí ó tún dùn mí jù ni ti ọmọkùnrin tí ó ní àìsàn kan náà. Ìta ara tirẹ̀ kò yàtọ̀ lójú, kò sí àrokò kankan. Yóò kàn mu ọmú fún ọ̀sẹ̀ kan, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bì, yóò kú. Àìsàn yìí sì máa ń tọ ìdílé: bí bàbá àti ìyá bá gbé e sára láìmọ̀, ọmọ kan nínú mẹ́rin ni ó ṣeé ṣe kí ó mú nínú oyún kọ̀ọ̀kan. Ìyá kan lè sin méjì, kí ó sin mẹ́ta, gbogbo wọn láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí a bí wọn. Kí ni a máa ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀? Àbíkú. Èmi kò sọ pé gbogbo àbíkú ni èyí, èmi kò sì ní kí a sọ ìmọ̀ àwọn àgbà nù. Ohun tí mo ń sọ ni pé babaláwo tí ó bá gbọ́ pé ọmọ mẹ́ta kú ní ọ̀sẹ̀ kejì kejì, tí kò sọ fún òbí wọn pé kí wọ́n gbé èyí tí ó kàn lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kò ṣe iṣẹ́ Ọ̀rúnmìlà. Ọ̀rúnmìlà, ẹlẹ́rìí ìpín, kì í sá fún ìmọ̀.

CAH kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àwọn kan wà tí a bí ní ọmọbìnrin lójú gbogbo ènìyàn, tí wọ́n dàgbà, tí ọmú yọ, ṣùgbọ́n tí nǹkan oṣù kò wá, nítorí pé kóró ọkùnrin ni ó wà nínú ikùn wọn, ara wọn kò sì gbọ́ èdè họ́mọ̀nù ọkùnrin. Irú wọn kò ní ilé ọmọ. A ti rí ìyá tí ó mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kiri láti ọ̀dọ̀ aláṣẹ̀jẹ kan dé òmíràn, tí owó ọjà tán, tí wọ́n sì wá pe ọmọ ní àjẹ́ tí ó fi nǹkan oṣù tirẹ̀ pamọ́. Irú wọn ni ọkọ ń lé jáde pé wọ́n yàgàn. Bí ẹnì kan bá ti sọ òtítọ́ fún un ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, bóyá ọ̀nà mìíràn ni ìbá gbà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wọ́pọ̀ ni pé àwọn àgbà a mọ̀, dókítà a mọ̀, ẹni tí ó ni ara nìkan ni kì í mọ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n wá sí ọ̀rọ̀ abẹ. Àwọn tí wọ́n ń yá sí iṣẹ́ abẹ máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ tí kò ṣeé jiyàn ni. Ìtàn rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní àwọn ọdún 1950 ni John Money àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Johns Hopkins ní Baltimore gbé e kalẹ̀ pé bí a bá tètè yan ọ̀kan fún ọmọ, tí a sì fi abẹ tún ìta ara rẹ̀ ṣe, ohun tí a bá pè é náà ni yóò dà. Ẹ̀rí ńlá tí ó mú káàkiri ni ọmọ Kánádà kan, David Reimer, tí wọ́n bí ní ọdún 1965. Ọmọ yìí kì í ṣe ẹni tí ara rẹ̀ yàtọ̀ láti inú ìyá. Ilà ni wọ́n dá fún un tí wọ́n sì ba nǹkan rẹ̀ jẹ́, ni wọ́n bá sọ ọ́ di obìnrin. Money ní ó ti gbà, pé obìnrin ni. Ọdún 1997 ni ayé tó mọ òtítọ́ nínú ìwé àwọn onímọ̀: ọmọ náà kò gbà rí, ó sì ti padà sí ọkùnrin láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ní ọdún 2004, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀. Orí irú ìpìlẹ̀ yìí ni wọ́n ti gé àìmọye ọmọ, tí wọ́n sì ní kí òbí má sọ fún wọn.

Àwọn tí wọ́n dá a sílẹ̀ ti ń padà lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọdún 2006, àwọn dókítà tí wọ́n pàdé ní Chicago gbé ìwé jáde tí ó ní kí a ṣọ́ra gidigidi kí a tó fi abẹ kan ọmọ nítorí ìrísí lásán. Ní oṣù keje ọdún 2020, ilé ìwòsàn ọmọdé Lurie ní ìlú Chicago kan náà tọrọ àforíjì ní gbangba lọ́wọ́ àwọn tí irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ ti ṣe ní jàǹbá. Orílẹ̀-èdè Málítà ti fi òfin dè é láti ọdún 2015. Kí wá ni ó dé tí àwa fi ń gba aṣọ tí ẹni tí ó rán an ti bọ́ sọnù? A máa ń pariwo pé òyìnbó sọ wá di ẹrú nínú ọkàn. Ibí yìí gan-an ni ó yẹ kí ariwo náà ti dún.

Ẹ sì tún wò ó: òfin tí ó ka ìwà ipá sí ènìyàn léèwọ̀, èyí tí Ìjọba Àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2015, sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí a dá abẹ́ fún obìnrin. Wọ́n ti lọ bá olóolà ní abúlé, wọ́n ní kí ó ju abẹ rẹ̀ sílẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Kò sí ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ gbèjà àṣà tí ń ba ara ọmọbìnrin jẹ́ nítorí pé tiwa ni. Ṣùgbọ́n bí a bá bí ọmọbìnrin tí idọ́ rẹ̀ tóbi, tí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn tí ó mọ́ tónítóní, tí dókítà gé e kù kí ojú àwọn òbí lè wálẹ̀, kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀? Oògùn apakun wà, iná mọ̀nàmọ́ná wà, ìwé ẹ̀rí wà lára ògiri. Ohun tí wọ́n gé ni ohun tí olóolà gé. Ìdí tí wọ́n fi gé e ni ìdí tí olóolà náà fi gé e: kí ó lè bá ojú àwùjọ mu. Olóolà tí ó wọ aṣọ funfun, olóolà ni.

Àwọn kan yóò fi ìtàn ẹmu bá mi jà. Wọ́n á ní ṣebí Ọbàtálá ni ó mu ẹmu yó tí ó fi mọ arọ, abuké, aràrá àti àfín. Pé àṣìṣe ni wọ́n, àti pé ohun tí ó bá jẹ́ àṣìṣe yẹ kí a tún un ṣe. Mo bẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kí ó parí ìtàn náà. Nígbà tí ojú Òrìṣà dá, kí ni ó ṣe? Kò kó àwọn ènìyàn náà padà sídìí amọ̀. Kò mú ọ̀bẹ kí ó fá ibi tí ó yọ, kò sì wá amọ̀ tuntun lẹ̀ mọ́ ibi tí ó dín. Ara rẹ̀ ni ó fi òfin dè: òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan ẹmu mọ́. Àwọn tí ó mọ, ó gbà wọ́n ní tirẹ̀. Ẹni òrìṣà ni à ń pè wọ́n títí di òní, èèwọ̀ sì ni kí a fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Mo mọ̀ pé a kì í sábà dárúkọ àwọn ọmọ tí à ń sọ yìí nígbà tí a bá ń ka ẹni òrìṣà. Ṣùgbọ́n ta ni ó mọ wọ́n, bí kì í bá ṣe Alámọ̀ rere? Ẹni tí ó bá ní ìtàn yìí fún wa ní àṣẹ láti tún ọmọ mọ, ìdajì rẹ̀ ni ó gbọ́. Bí àṣìṣe bá tilẹ̀ ni, ọrùn amọ̀kòkò ni ìjìyà rẹ̀ wà, kì í ṣe ọrùn ìkòkò.

Ẹ̀kọ́ orí tún wà níbẹ̀. Gbogbo wa ni a gbà pé ẹnì kọ̀ọ̀kan kúnlẹ̀, ó yan orí tirẹ̀ ní ilé Àjàlá. Bàbá kò bá ọmọ yan án, ìyá kò bá ọmọ yan án. Ẹsẹ̀ntayé tí à ń dá fún ọmọ tuntun, ìbéèrè ni. À ń béèrè irú ẹni tí ó dé, a kì í pàṣẹ irú ẹni tí ó gbọ́dọ̀ jẹ́. Báwo ni ènìyàn tí ó gba èyí gbọ́ yóò ṣe wá jókòó ní yàrá dókítà kan, kí ó fọwọ́ sí ìwé kí wọ́n gé ara ọmọ oṣù mẹ́ta lọ́nà tí kò ṣeé dá padà, láìdúró gbọ́ ohun tí orí ọmọ náà yàn? Àkúnlẹ̀yàn ẹlòmíràn ni ó ń fọwọ́ sí.

Èdè wa pàápàá kò béèrè ohun tí a ń dààmú lé lórí. "Ó dé", "ó lọ", "ó jẹun": kò sí èyí tí ó sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ayọ̀délé lè jẹ́ èyí tàbí ìyẹn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ jìnnà nínú ìwé rẹ̀, The Invention of Women, ní ọdún 1997. Ó ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni ó ṣe pàtàkì ní ilẹ̀ Yorùbá àtijọ́ ju akọ àti abo lọ. Àwọn onímọ̀ mìíràn bá a jiyàn, lójú tèmi náà ó sọ ọ́ le díẹ̀, nítorí ta ni kò mọ ìyàtọ̀ láàárín Àjàní àti Àjọkẹ́? Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ti rí ẹlẹ́gùn Ṣàngó tí ó di irun, tí a ń pè ní ìyàwó òrìṣà pẹ̀lú irùngbọ̀n rẹ̀, mọ̀ pé àwọn baba wa lè wo ohun tí ó ju méjì lọ láìpariwo. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbọ́ mi ní àgbọ́yé: ẹlẹ́gùn kì í ṣe ẹni tí a bí pẹ̀lú ara tí ó yàtọ̀, n kò sì sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ènìyàn ń fẹ́ tàbí tí kò fẹ́. Ọ̀rọ̀ ara tí a bí mọ́ ọmọ ni mo ń sọ.

A kò sì ní láti sọ pé òfin kò bá wa ṣe. Ẹjọ́ kan wà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Lẹ́kí níhìn-ín, lójú ọ̀nà kan náà tí ó kọjá ní Ṣàngótẹ̀dó. Ní oṣù kẹrin ọdún 1997, wọ́n bí ọmọ kan ní ilé ìwòsàn ilé-iṣẹ́ Chevron. Ní oṣù karùn-ún, àìsàn kọlu ọmọ náà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀ gidigidi. Dókítà fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Ìyá rẹ̀, tí ó jẹ́ Ẹlẹ́rìí Jèhófà, kọ̀. Ọlọ́pàá gba àṣẹ ní ilé ẹjọ́ májísíréètì, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà, ọmọ sì yè. Ẹjọ́ tí wọ́n pè lórí rẹ̀ rìn títí dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ, ọdún 2019 ni ó tó parí. Àwọn adájọ́ ní ire ọmọ ga ju ìgbàgbọ́ òbí lọ. Ṣáájú èyí, ní ọdún 2001, ilé ẹjọ́ kan náà ti sọ nínú ẹjọ́ Okonkwo pé àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé lè kọ ìtọ́jú, kódà bí ikú bá wà níbẹ̀, nítorí pé òun ni ó ni ara rẹ̀.

Ẹ so ẹjọ́ méjèèjì pọ̀. Nígbà tí ikú bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, òbí kò gbọ́dọ̀ fi ìgbàgbọ́ dí dókítà lọ́wọ́. Èyí kan àwa náà bí ó ti kan Ẹlẹ́rìí Jèhófà. Oníṣẹ̀ṣe tí ó bá gbé ọmọ tí ń bì jókòó sílé nítorí ẹbọ tí kò tíì dà, kò ní ẹ̀rí lọ́dọ̀ Ifá, kò sì ní lọ́dọ̀ òfin. Ṣùgbọ́n nígbà tí ikú kò sí níbẹ̀, tí ó jẹ́ ìrísí nìkan ni, àṣẹ lórí ara náà ti ọmọ ni, òbí kàn ń bá a tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ tí yóò gbọ́n. Ẹni tí a fi ẹrù ṣọ́ kì í ta ẹrù. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 sì sọ pé kí olùtọ́jú sọ fún ẹni tí ó wá gba ìtọ́jú ohun tí ń ṣe é, àwọn ọ̀nà ìtọ́jú tí ó wà, ewu àti àǹfààní wọn, ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti kọ̀, kí ó sì sọ ọ́ ní èdè tí ó yé e níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe. Èdè tí ó yé ìyá kan láti Ajah tàbí Ṣàngótẹ̀dó lè jẹ́ Yorùbá. Ó lè jẹ́ Ègùn tàbí Íbò. Mélòó nínú wọn ni ẹnikẹ́ni ti jókòó tì kí ó tó ní "mọ́mì, ẹ fọwọ́ síbí"?

Àwọn aládùúgbò wa ní Áfíríkà ti ṣíwájú wa. Ní Gúúsù Áfíríkà, láti ọdún 2005 ni òfin tí ó lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ ti dárúkọ irú àwọn ènìyàn yìí. Ní Kẹ́ńyà, ilé ìwòsàn kan fi àmì ìbéèrè sí ibi tí ó yẹ kí a kọ akọ tàbí abo sí nínú ìwé ọmọ kan. Ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́ gíga, ní oṣù kejìlá ọdún 2014 adájọ́ sì ní kí ìjọba ṣe ètò fún irú wọn. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn níbẹ̀ ní ọdún 2019, wọ́n ka ènìyàn 1,524 bẹ́ẹ̀. Àjọ Áfíríkà fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn, tí ó wà ní Banjul, ní oṣù kẹta ọdún 2023 ní kí gbogbo orílẹ̀-èdè fi òpin sí iṣẹ́ abẹ tí a ń ṣe sí wọn láìgba àṣẹ lẹ́nu wọn. Nàìjíríà wà nínú àdéhùn tí ó bí àjọ náà. Ní ọdún 2023 yẹn kan náà ni ìjọba Èkó fún wa ní ìsinmi Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, tí a jó, tí a yọ̀. Ẹ̀sìn tí ìjọba ti mọ̀ ní gbangba gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò wí lórí ọmọ tí a ń gé.

Mo mọ ohun tí àwọn òbí ń bẹ̀rù. Wọ́n ní ọmọ yóò jìyà níléèwé, wọ́n ní ọmọ ọ̀dọ̀ yóò rí i nígbà tí ó bá ń wẹ̀ ẹ́, wọ́n ní ta ni yóò fẹ́ ẹ. N kò fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí àwọn tí wọ́n ti gé ń sọ nígbà tí wọ́n dàgbà: ojú àpá tí ń dun wọ́n, ara tí kò mọ adùn mọ́, ìtọ̀ tí kò jáde dáadáa, iṣẹ́ abẹ kejì láti tún ti àkọ́kọ́ ṣe, àti ẹ̀kẹta. Àwọn mìíràn rí i pé ohun tí wọ́n yàn fún àwọn kọ́ ni àwọn jẹ́, èyí tí wọ́n sì gé kò ṣeé lẹ̀ padà. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó ní kí ọmọ máa rìn láìlórúkọ. Lẹ́yìn àyẹ̀wò, kí òbí àti dókítà jọ yan bí wọn yóò ṣe máa tọ́ ọmọ, ní ọkùnrin tàbí ní obìnrin, láìfi abẹ kàn án. Ohun tí a fi ẹnu yàn, ẹnu ṣì lè yí i padà. Abẹ tí ó pọn dandan wà, n kò sẹ́ ẹ: bí ìtọ̀ kò bá rí ọ̀nà jáde, bí kóró inú ikùn bá jẹ́ irú èyí tí jẹjẹrẹ tètè ń mú. Kí dókítà fi ìdí rẹ̀ hàn lórí ìwé, kí ó sì sọ ọ́ ní èdè ìyá.

Nítorí náà, mo ń ké sí Ìgbìmọ̀ Ìṣègùn Ìbílẹ̀ ti Ìpínlẹ̀ Èkó, tí ó ń forúkọ àwọn agbẹ̀bí sílẹ̀, kí wọ́n fi èyí kún ẹ̀kọ́ wọn: kí agbẹ̀bí yẹ ìsàlẹ̀ gbogbo ọmọ wò, bí kò bá dá a lójú, kí ó má ṣe kéde akọ tàbí abo, kí ó sọ fún ìyá pé ọmọ rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan, òun náà kò sì ṣe nǹkan kan, kí ó sì rí i dájú pé ọmọ dé ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà tàbí ọjọ́ kejì fún àyẹ̀wò iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀. Ìdí-Àràbà jìnnà sí Ṣàngótẹ̀dó, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ojú ọ̀nà sì le, ṣùgbọ́n láti ọdún 2012 ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà láti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní Èkó nípa àìsàn họ́mọ̀nù àwọn ọmọdé. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n wà nínú ìlú. Ẹ̀yin babaláwo àti ìyánífá, ẹ dá ẹsẹ̀ntayé fún ọmọ náà, ẹ rú ohun tí ó bá jáde, ṣùgbọ́n kí ọmọ ti ilé ìwòsàn dé kí ọ̀pẹ̀lẹ̀ tó kanlẹ̀.

Ẹnì kan ti bi mí pé ọjọ́ wo ni kí a sọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lórúkọ, nígbà tí ó jẹ́ pé ọjọ́ kẹsàn-án ni ti ọkùnrin, ọjọ́ keje ni ti obìnrin. Ọjọ́ kẹjọ wà nílẹ̀. Ọjọ́ ìbejì ni tẹ́lẹ̀, ó sì ti pẹ́ tí ọ̀pọ̀ ilé ti ń lò ó fún gbogbo ọmọ. Ẹ sọ ọ́ ní ọjọ́ kẹjọ, ẹ fún un ní orúkọ tí ọkùnrin àti obìnrin jọ ń jẹ́. Ti oríkì, ẹ fi sílẹ̀ ná. Kí ẹ tó fi oyin tọ́ ọ lẹ́nu, ẹ bi ìyá rẹ̀ bóyá ó ti bì láàárọ̀ yẹn.